Àlejò tó ń gbé mọ́tò sí àyè tá a sanwó fún nínú kọ́ńpáǹdù: ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, kí lẹ ń ṣe sí i?

Nọ́ọ̀sì Iṣẹ́ Alẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ibí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kékeré wò ó. Fúlẹ́tì ni mò ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, fúlẹ́tì mẹ́fà ló wà nínú kọ́ńpáǹdù wa àmọ́ mọ́tò mẹ́rin péré ló lè dúró nínú géètì. Kí n tó gba ilé yìí rárá ni mo ti bi ejẹ́ǹtì pé níbo ni mọ́tò mi á máa sùn, torí iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ọsibítù, ilẹ̀ á ti mọ́ kí n tó dé, mi ò lè gbé mọ́tò sójú títì kí n wá wọlé lọ sùn. Wọ́n ní kí n fowó kún owó ilé, mo fi kún un, wọ́n sì kọ ọ́ sínú risíìtì pé "àti àyè mọ́tò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga".

Hóòlù ìnáwó kan wá wà ní ilé kejì sí wa. Tó bá ti di Sátidé báyìí, tí mo bá jáde lọ sọ́jà, kí n tó padà dé jípù kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ẹni tó ni ín ò sí níbẹ̀, kò kọ nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá bojú wo inú ẹ̀ ẹ máa rí gèlè tí wọ́n ti wé kalẹ̀ àti báàgì súfíníà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Màígádì á ní òun rò pé àlejò mi ni. Ti àárín ọ̀sẹ̀ tún yàtọ̀. Àbúrò ọkọ aládùúgbò mi kan lókè ti sọ ibẹ̀ di tiẹ̀, tó bá ti mọ̀ pé mo lọ síṣẹ́ alẹ́, á gbé Camry ẹ̀ síbẹ̀ sùn, tí mo bá dé láàárọ̀ èmi ni mo máa dúró lẹ́nu géètì títí á fi jí, á wẹ̀, á jẹun. Lándíloòdù ń gbé Èkó, tí mo bá pè é á ní "nọ́ọ̀sì, ẹ fara balẹ̀, mo máa bá wọn sọ̀rọ̀", ibẹ̀ ló máa ń parí sí.

Kí lẹ máa ń ṣe? Mi ò fẹ́ jà, àmọ́ mi ò fẹ́ kí wọ́n fọgbọ́n gbà á mọ́ mi lọ́wọ́ náà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú, tójú ẹ̀ ti pọ́n, kò yẹ kó tún máa bẹ èèyàn kó tó ráyè wọ ilé ara ẹ̀.

Ọmọ Alárè

Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ ya ọ̀rọ̀ yẹn sí méjì, torí ọ̀rọ̀ méjì lẹ kó pọ̀ mọ́ra wọn yẹn. Ẹni tó wá sóde ìnáwó kò mọ̀ yín rí, kò mọ̀ pé ẹnì kan ti sanwó síbẹ̀, ó rí géètì tó ṣí sílẹ̀, màígádì sì júwọ́ sí i pé kó wọlé, ó wọlé. Oní-Camry ní tiẹ̀ mọ̀ yín, ó tiẹ̀ mọ wákàtí iṣẹ́ yín ju bí àwọn ọ̀rẹ́ yín ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹnu géètì lẹ ti máa yanjú ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì, ọ̀dọ̀ aládùúgbò yín gan-an ni, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ ẹ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Kò sí mọ́tò àjèjì kan tó máa dé ẹ̀gbẹ́ kànga tí ẹnì kan nínú ilé ò ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ tún dá mi lóhùn o, ṣé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ní àyè yẹn ló mọ èyí tó jẹ́ tiwọn? Ṣé ó wà lákọsílẹ̀ níbi tójú gbogbo èèyàn ti lè rí i, àbí inú risíìtì tiyín nìkan ló wà?

Ọ̀dọ́ Sábó (Ṣàgámù)

Gbogbo àlàyé yìí ti pọ̀ jù. Ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà iwájú méjèèjì dànù. Tó bá jáde tó rí i pé ilẹ̀ ni mọ́tò òun jókòó sí, kò ní gbàgbé ilé yẹn láéláé. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn níbi tí mo ti ń gbé tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún dán an wò.

Agbẹjọ́rò Rẹ́mọ

Àbúrò mi ní Ṣàgámù, mo gbọ́ ẹ, inú ló ń bí ẹ, àmọ́ jọ̀ọ́ má kọ́ nọ́ọ̀sì ní èyí tó máa sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń pè ní tẹ́ṣàn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lábẹ́ òfin nìyí, màá sọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó bá wá sí ọ́fíìsì mi. Ẹni tó gbé mọ́tò sí àyè tẹ́ ẹ sanwó fún jẹ̀bi, kò sí àní-àní níbẹ̀, àmọ́ ẹjọ́ gbèsè àti ẹ̀tọ́ ló jẹ, ẹjọ́ tẹ́ni kan máa ń pe ẹnì kejì ẹ̀ sí kóòtù, ọlọ́pàá kì í tì èèyàn mọ́lé torí ẹ̀. Ẹni tó bá wá mọ̀ọ́mọ̀ ba mọ́tò ẹlòmíràn jẹ́, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àyè, ó ti di ìwà ọ̀daràn. Abala 451 nínú Criminal Code ló sọ ọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sì wà lórí ẹ̀. Ẹ ha ìṣó mọ́ ọn lára, ẹ gún táyà ẹ̀, ẹ fọ́ wíńdò ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àre láàárọ̀ lẹ máa ní ẹ̀bi lọ́sàn-án. Kódà afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ tú lásán, tí ríìmù bá tẹ̀ tàbí tó ní táyà òun ti bàjẹ́, ta ló máa jẹ́rìí yín? Kámẹ́rà fóònù ẹni tó ń wò yín láti òkè ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé jáde.

Àwọn kan á tún ní kẹ́ ẹ gbé mọ́tò tiyín dí i lẹ́yìn kó má lè jáde. Mi ò fọwọ́ sí ìyẹn náà. Wọ́n lè gbé ọmọ tó ń gìrì jáde nínú hóòlù yẹn kí wọ́n máa wá mọ́tò tó máa gbé e lọ sọ́sibítù. Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ mọ ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè dá sílẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni risíìtì yẹn. Onílé tó gbowó àyè mọ́tò ti jẹ gbèsè àyè mọ́tò náà, òun ló sì gbọ́dọ̀ rí i pé ẹ gbádùn ohun tẹ́ ẹ san owó ẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Ẹ má pè é lórí fóònù mọ́. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ fi fọ́tò mọ́tò kọ̀ọ̀kan sí i, kí nọ́ńbà mọ́tò àti kànga yẹn jọ hàn nínú fọ́tò kan náà, kí déètì wà níbẹ̀. Tó bá di àkókò tẹ́ ẹ máa sanwó ilé tuntun, ìwé yẹn lẹ máa gbé síwájú ẹ̀ pé àyè tẹ́ ẹ san owó ẹ̀, ẹ ò lò ó tán, kí ló máa yọ nínú owó? Mo ti rí i tí onílé tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ gbọ́ ìṣirò.

Ọ̀dọ́ Sábó (Ṣàgámù)

Ó dáa sà, ti ọmọ tó ń gìrì yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbà. Àmọ́ TRACE, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lójú títì ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ńkọ́? Ṣé wọn ò lè wá wọ́ ọ lọ ni?

Agbẹjọ́rò Rẹ́mọ

Ojú títì ni iṣẹ́ TRACE àti ti Road Safety wà. Wọn kì í wọ inú kọ́ńpáǹdù aládàáni wá wọ́ mọ́tò jáde. Tí mọ́tò náà bá wà níta tó dí ẹnu géètì yín mọ́ ojú ọ̀nà, ìyẹn lẹ lè pè wọ́n sí. Torí ìyẹn náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń to òkúta àti táyà síwájú ilé lójú títì kí ẹlòmíràn má bàa páàkì, títì ìjọba nìyẹn, kò di tiyín torí pé ó kọjú sí ilé yín. Ti nọ́ọ̀sì yàtọ̀, inú géètì ló wà, ó sì ní ìwé.

Ìyá Àbúrò (Ìpẹru)

Ẹ ṣé gan-an lọ́yà. Èmi fẹ́ sọ ti aládùúgbò òkè yẹn torí òun ló máa pẹ́ nínú ayé nọ́ọ̀sì ju ti oní-jípù lọ. Ẹ má lọ kàn án nílẹ̀kùn láàárọ̀ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí oorun àti ebi ń yọ yín lẹ́nu, kò sí bí ohùn yín ṣe máa dùn. Ẹ dúró dìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní ìsinmi. Ẹ má sọ ọ́ níwájú àbúrò ọkọ ẹ̀, torí kò sí obìnrin ilé tó fẹ́ kí wọ́n dójú ti àna òun níwájú òun, á gbèjà ẹ̀ ni, bó tiẹ̀ mọ̀ pé kò dáa. Òun nìkan ni kẹ́ ẹ pè sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ lẹ́nu ni kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó lè wà nílẹ̀, bíi báyìí:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ma. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Àyè ẹ̀gbẹ́ kànga yẹn, mo sanwó ẹ̀ pọ̀ mọ́ owó ilé mi, ó wà nínú risíìtì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́. Ẹ bá mi sọ fún bọ̀dá pé kí wọ́n má gbé mọ́tò síbẹ̀ mọ́ láti òní lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ sùn níbí lọ́jọ́ kan, ẹ tẹ̀ mí láago ṣáájú, tí mi ò bá ní lò ó lọ́jọ́ yẹn màá sọ. Ẹ ṣé ma."

Ẹ wò ó, kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwa obìnrin, a máa ń bẹ̀bẹ̀ lé ohun tó jẹ́ tiwa, wọ́n á wá rò pé a ò ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ará Òdògbolú

Ìyá Àbúrò ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò fẹ́ apá tẹ́ ẹ ti ní "ẹ tẹ̀ mí láago ṣáájú" yẹn. Ẹ bá yá a lẹ́ẹ̀kan, ó di ẹ̀ẹ̀kejì, tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n ti ń sọ pé "ṣebí a máa ń gbé e síbẹ̀". Kí wọ́n kúkú ti ilẹ̀kùn yẹn pa pátápátá.

Ìyá Àbúrò (Ìpẹru)

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Àmọ́ inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé o. Lọ́jọ́ tí ojú nọ́ọ̀sì ń dùn ún, tó nílò ẹni tó máa bá a fa omi, aládùúgbò yìí náà ló máa kàn. Ẹ jẹ́ kó yá a tó bá wù ú, kó ṣáà ti jẹ́ pé ẹnu tiẹ̀ ni "bẹ́ẹ̀ ni" ti jáde. Ohun tó ń dunni kì í ṣe mọ́tò yẹn, ó jẹ́ pé wọn ò bi í.

Alága Ìjókòó (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti hóòlù torí ibẹ̀ niṣẹ́ mi wà ní ọ̀pọ̀ Sátidé, kò sì sí ẹ̀yà mọ́tò tí mi ò tíì fi maíìkì kéde ẹ̀ rí. Ọ̀nà tó yá jù láti rí oní-jípù ni ẹni tó di maíìkì mú, ìyẹn ni àwa alága, MC, tàbí ẹni tó ń lo DJ. Àmọ́ ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é. Ẹ má wọlé wá fi ìbínú bá mi sọ ọ́ létí níbi tí àwọn ẹbí ìyàwó ti ń wọlé tàbí níbi tí wọ́n ti ń ka lẹ́tà, mi ò ní gbọ́, tí mo bá sì gbọ́ màá gbàgbé. Ẹ kọ ọ́ sínú bébà kékeré: Highlander, àwọ̀ dúdú, nọ́ńbà ẹ̀ pátá, kẹ́ ẹ fi kún un pé "ó dí ẹni tó ń lọ síṣẹ́ alẹ́ lọ́nà". Ẹ fi lé ọ̀kan nínú àwọn tó ń jókòó síwájú lọ́wọ́, tàbí ẹni tó ń gbé maíìkì fún mi. Tó bá ti dé ọwọ́ mi lákọsílẹ̀, kí orin tó yí padà màá kà á. "Ẹni tó ni Highlander dúdú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ tún mọ́tò yín gbé, ẹ ti dí nọ́ọ̀sì wa." Tí wọ́n bá gbọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn tó jókòó tì í gan-an á máa lé e dìde.

Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn pé o. Lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta, lẹ́tà méjì. Jípù dúdú lè tó mẹ́wàá níta. Àwọn lẹ́tà àkọ́kọ́ máa ń sọ ibi tí wọ́n ti gba nọ́ńbà náà, JBD ni ti Ìjẹ̀bú-Òde níbí, KJA ni ti Ìkẹjà. Mo máa ń fojú sí ìyẹn torí tí mo bá rí i pé nọ́ńbà Èkó ni, mo mọ̀ pé àárín àwọn tó wá láti Èkó ni màá ti béèrè, ọ̀pọ̀ wọn á sì jókòó ti ẹbí tó pè wọ́n. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ torí mọ́tò táwọn èèyàn ń tà láti ọwọ́ dọ́wọ́, àmọ́ ó máa ń ranni lọ́wọ́.

Ohun kan tó tún dáa jù gbogbo èyí: ẹ lọ bá mánéjà hóòlù láàárín ọ̀sẹ̀, lọ́jọ́ tí kò sí ariwo. Ẹ sọ fún un pé kí wọ́n máa kéde rẹ̀ kí ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀ pé inú kọ́ńpáǹdù tó tẹ̀ lé wọn kì í ṣe ibi tí àlejò ń páàkì sí, kí ẹni tí wọ́n gbà láti máa tọ́ mọ́tò sọ́nà dúró sẹ́nu géètì yín. Hóòlù tó bá fẹ́ pẹ́ nínú àdúgbò kì í fẹ́ kí CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, kọ̀wé nípa òun.

Nọ́ọ̀sì Iṣẹ́ Alẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Haa, alága ẹ ṣé, mi ò ronú kan maíìkì rí. Ọmọ Alárè, ẹ bi mí léèrè kan, mo ti lọ wádìí. Àwa mẹ́rin kọ́ la sanwó àyè. Àwa márùn-ún ni. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá tó wà nísàlẹ̀, wọ́n fi risíìtì tiwọn hàn mí, "àyè mọ́tò kan" ló wà níbẹ̀, wọn ò sọ ibi tó wà. Àyè mẹ́rin, owó márùn-ún.

Ọmọ Alárè

Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ. Ẹ̀yin tiẹ̀ ṣe oríire pé wọ́n kọ "ẹ̀gbẹ́ kànga" sí tiyín.

Onílé Tó Ń Gbé Èkó

Lándíloòdù ni mí, ilé tí mo kọ́ wà ní Ìjẹ̀bú, Èkó ni iṣẹ́ mi wà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láti ọ̀dọ̀ onílé. Nọ́ọ̀sì, lándíloòdù yín lè má mọ̀ pé márùn-ún ni ejẹ́ǹtì gbà. Ejẹ́ǹtì ló ń kọ risíìtì, òun ló ń fi àyè mọ́tò fa ojú ẹni tó fẹ́ gba ilé mọ́ra, tiwa ni pé owó wọlé. Ẹ má jẹ́ kó di ìjà láàárín ẹ̀yin àti bàbá ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin márààrún ẹ jọ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí onílé, ẹ fi kọ́pì risíìtì márààrún tì í, ẹ béèrè ohun kan péré: ìwé tó máa sọ pé fúlẹ́tì báyìí ló ni àyè báyìí, kó buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ẹni karùn-ún, kó dá owó ẹ̀ padà fún un tàbí kó yọ ọ́ nínú owó ilé tó ń bọ̀. Lẹ́tà tí ayálégbé kan kọ, onílé lè sọ pé oníjọ̀gbọ̀n ni. Tí márùn-ún bá buwọ́ lù ú, oorun ò ní kun onílé.

Ohun tó le jù tí mo sì ń rí nílé tèmi ni ti àwọn mọ̀lẹ́bí. Tí a bá ní ìsìnkú tàbí ìnáwó, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi á wá láti Èkó, wọ́n á gbé mọ́tò síbi tó wù wọ́n torí ilé ọmọ ìyá wọn ni. Mo ti sọ fún wọn pé ilé mi ni lóòótọ́ àmọ́ mo ti ta ìlò ibẹ̀. Kí àlejò tó dé ni mo máa ń bá ẹnì kan sọ ọ́ ládùúgbò, iléèwé kan máa ń gbà ká gbé mọ́tò sínú fíìdì wọn ní ọjọ́ Sátidé. Onílé tó bá fẹ́ kí ayálégbé òun sanwó lásìkò gbọ́dọ̀ ṣe irú ẹ̀.

Ará Ìlíṣàn

Tiwa níbí ni ọjọ́ tí àwọn òbí bá ń kó ọmọ wá sí yunifásítì. A ti gbà láàárín ara wa pé lọ́jọ́ yẹn a máa ti géètì, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á pe ẹni tó wá bá nínú ilé kó wá ṣí i fúnra ẹ̀. Ó parí.

Alága Ayálégbé (Ìkẹ́nnẹ́)

Ẹ ti sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ ń fò ọ̀rọ̀ màígádì, èmi ò sì ní fò ó torí òun ló di géètì mú. Mo ti wà nípò alága nínú kọ́ńpáǹdù wa fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí mo rí ni pé màígádì tí wọn kì í san owó oṣù ẹ̀ déédéé, á wá owó ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn tó ń wá sí hóòlù yẹn, wọ́n ń fún un ní nǹkan. Ẹ má pariwo lé e lórí, ẹ má pè é ní olè, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé fúlẹ́tì mélòó ló ti san owó ẹ̀ lóṣù yìí. Tí ẹ bá jẹ ẹ́ ní oṣù méjì, tó wá gba owó lọ́wọ́ oní-jípù kó lè jẹun, ẹ̀yin náà lẹ ta àyè yẹn.

Ẹ san owó ẹ̀ pé, kẹ́ ẹ tó wá fún un lófin. Òfin tiwa ni pé a kọ nọ́ńbà gbogbo mọ́tò ilé sínú kádì kan, a fi ike bò ó kí òjò má bà á jẹ́, ó wà lẹ́yìn géètì níbi tí màígádì ń jókòó. Mọ́tò tí nọ́ńbà ẹ̀ ò sí níbẹ̀, kó béèrè fúlẹ́tì tó ń lọ, kó tẹ fúlẹ́tì yẹn láago, kí ẹni yẹn sọ lẹ́nu ara ẹ̀ pé "àlejò mi ni, àyè mi ló máa gbé e sí". Tí kò bá ní àyè, àlejò á dúró níta. Ẹ má jẹ́ kí "mo rò pé àlejò yín ni" tún jáde lẹ́nu màígádì, kò yẹ kó máa rò, kó máa béèrè ni. Tiwa kì í ka ìwé dáadáa, a ya àwòrán mọ́tò kọ̀ọ̀kan sí i, ó mọ̀ wọ́n báyìí ju èmi alára lọ.

Ìyàwó Ilé (Ṣàgámù)

Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín torí obìnrin ni yín, ẹ sì ń dá wọlé. Tó bá jẹ́ òru lẹ dé, tí mọ́tò tẹ́ ẹ ò mọ̀ bá wà ní àyè yín, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lọ kan wíńdò ẹ̀. Ẹ ò mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn tiyín pa, ẹ tan iná iwájú sí i, ẹ pe màígádì àti ẹnì kan nínú ilé kí wọ́n jáde sí yín kẹ́ ẹ tó sọ̀. Ọlọ́pàá lẹ máa pè tí ẹni náà bá ń halẹ̀ tàbí tí mọ́tò náà bá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tẹ́nì kan ò mọ ẹni tó ni ín, torí mọ́tò jíjí gan-an ni wọ́n máa ń gbé pa mọ́ sí inú kọ́ńpáǹdù tí kò sẹ́ni tó ń béèrè. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ìyókù, ẹ jẹ́ kó di àárọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Tòótọ́

Ẹ má gbàgbé Ojúde Ọba o! Ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́yìn odi ló ń wálé, àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé, àwọn ẹlẹ́ṣin, àwọn tó kàn fẹ́ wòran, mọ́tò kì í ríbi gbà dé itòsí ààfin Awùjalẹ̀, inú kọ́ńpáǹdù àwọn èèyàn ni wọ́n máa ń yà sí. Ọjọ́ yẹn, kò sí kádì tó máa ṣiṣẹ́ téèyàn ò bá ti múra sílẹ̀. Ẹ gbé mọ́tò yín wọlé láti alẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ má gbé e jáde mọ́, ẹsẹ̀ tàbí ọ̀kadà lẹ máa fi lọ. Tẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ máa wà níbi iṣẹ́, ẹ wá àlejò tiyín fún àyè yẹn kí àlejò ẹlòmíràn tó gbà á. Ọjọ́ ayọ̀ ni, kò dáa kéèyàn fi ìjà àyè mọ́tò bà á jẹ́ fún ara ẹ̀.

Wẹ́dà Ìta (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú àsọyé. Èmi máa sọ ti irin torí mo ń ṣe é fáwọn èèyàn, ó sì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní "NO PARKING" lẹ máa kọ, gbogbo géètì ní Ìjẹ̀bú ló ní i, kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́. Nọ́ńbà fúlẹ́tì yín àti nọ́ńbà mọ́tò yín ni kẹ́ ẹ kọ sí ara ògiri tó kọjú sí àyè náà, kí àlejò rí i pé ẹnì kan pàtó ló ni ín. Oil paint lẹ máa lò o, ọ̀dà emulsion lásán á ti ṣí kí òjò tó dáwọ́ dúró.

Tí ìyẹn ò bá tó, páìpù irin onínṣì méjì tó ṣeé wó lulẹ̀ la máa ń ṣe. Ó ní ìdè nísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti ṣí àgádágodo ẹ̀ á sùn sílẹ̀, mọ́tò yín á gba orí ẹ̀ kọjá, tẹ́ ẹ bá ń jáde ẹ gbé e dìde, ẹ tì í pa. Ihò tá a máa gbẹ́ fún ẹsẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀, ká ro kọ́ńkéré olókùúta sí i, kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ kàn án títí á fi gan dáadáa. Àwọn tó kàn fi símẹ́ńtì rọ́ ọ lórí ilẹ̀, ẹnì kan á fi bọ́ńpà tì í ṣubú láàárín oṣù kan. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dà pupa àti funfun kùn ún kójú rí i lálẹ́, torí ẹni tó bá rìn sí i nínú òkùnkùn, ẹ̀yin ló máa bá.

Kẹ́ ẹ tó pe wẹ́dà kankan, ẹ rí i pé onílé gbà, kó wà nínú WhatsApp. Ẹ sì bi í ibi tí ṣọ́káwéè wà. Ẹ ní ẹ̀gbẹ́ kànga, mo mọ̀ pé kò yẹ kí ṣọ́káwéè wà nítòsí kànga, àmọ́ mo ti rí ilé tó jẹ́ pé ibi tá a fẹ́ gbẹ́ gan-an ni páìpù omi gbà kọjá lọ sókè. Tá a bá gún un, gbogbo fúlẹ́tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa wá bá yín.

Nọ́ọ̀sì Iṣẹ́ Alẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ṣé gbogbo yín. Èmi àti bàbá ìsàlẹ̀ ti jọ sọ̀rọ̀, lẹ́tà ẹlẹ́ni márùn-ún yẹn la máa kọ́kọ́ kọ, wọ́n ní àwọn máa bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ torí àwọn ló dàgbà jù nínú ilé. Aládùúgbò òkè, màá bá wọn sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsinmi mi. Wẹ́dà, tí onílé bá gbà ká ṣe irin yẹn, ta ló yẹ kó sanwó ẹ̀? Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ńkọ́, ṣé màígádì ni màá fún?

Agbẹjọ́rò Rẹ́mọ

Ti owó, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé kó yọ ọ́ nínú owó ilé, torí òun ló yẹ kó dáàbò bo ohun tó tà. Tó bá ní kẹ́ ẹ fowó ara yín ṣe é, kó kọ ọ́ pé ẹ lè hú u tẹ́ ẹ bá ń kó lọ, tàbí kó rà á lọ́wọ́ yín.

Wẹ́dà Ìta (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ má fún màígádì ní kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń bá àgádágodo wá, ẹ mú ọ̀kan dání, ẹ fi ọ̀kan sílé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún ẹnì kan, kó jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀ yẹn, tórí kí iná má lọ jó tàbí kẹ́ni kan ṣàìsàn tẹ́ ẹ wà níbi iṣẹ́. Ẹ ra àgádágodo tó nípọn, kẹ́ ẹ sì sọ fún wẹ́dà kó jó páànù kékeré bò ó lórí, kójú ihò kọ́kọ́rọ́ máa wo ilẹ̀, torí tí òjò bá rọ̀ sínú ẹ̀ á dógùn-ún, ẹ máa dé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò ní ṣí. Ẹ máa kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i díẹ̀ nígbà òjò.